Bàbá Ìbejì fẹ́ẹ́ fowó alájẹṣẹ́kù ra páwà báìkì n'Ìkòròdú, lèmi bá ní kó kọ́kọ́ gbé e dìde ná

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká fi àwọn olóṣèlú àtàwọn òṣèré sílẹ̀ ná, a ṣì máa padà bá wọn, wọn ò ní í sá lọ. Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni mo fẹ́ẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe ọ̀kadà tẹ́ ẹ máa ń dá dúró ní Sábó o. Èyí tí mo ń wí ni ràgàjì yẹn, tó gùn gbọọrọ, tó rẹlẹ̀, tẹ́ni tó bá gùn ún á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí ẹni jókòó sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú, tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí ìwo màlúù. Òyìnbó ń pè é ní cruiser. Àwa l'Ékòó, ohunkóhun tó bá ti ju ọ̀kadà lọ, páwà báìkì la pè é, ó parí.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí ni àbúrò mi kan tó ń gbé ládùúgbò wa n'Ìgbógbó. Bàbá Ìbejì ni gbogbo wa ń pè é. Ilé iṣẹ́ kan l'Odógunyàn ló ti ń ṣiṣẹ́, ọdún kejìdínlógún rèé tó ti wà níbẹ̀. Kì í mutí, kì í fa sìgá, kì í tẹ̀lé obìnrin káàkiri. Irú wọn gan-an ló yẹ kéèyàn máa bẹ̀rù, torí lọ́jọ́ tí nǹkan kan bá wọ̀ wọ́n lójú, ó ti di wàhálà nìyẹn. Nǹkan sì wọ̀ ọ́ lójú lóòótọ́. Ó ń lọ sílé ìnáwó kan l'Ẹ̀pẹ́, ó jókòó sínú dánfó jẹ́jẹ́ ẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Ìmọ̀tà ni, ló bá gbọ́ ariwo lẹ́yìn, gbùrù-gbùrù-gbùrù. Kó tó wẹ̀yìn, páwà báìkì bíi mẹ́jọ ti kọjá lára wọn, jákẹ́ẹ̀tì awọ dúdú, bàtà gàgàrà, gbogbo wọn dorí kọ apá Ìtóìkín.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí fún mi lálẹ́ ọjọ́ tó wá bá mi nílé, "àwọn èèyàn yẹn ò sáré o. Wọ́n kàn ń gbafẹ́ lọ ni. Ṣe ni gbogbo ọkọ̀ ń yà fún wọn. Èmi náà á gùn ún kí n tó kú."

Mo ní, "Kó o tó kú, àbí kó o lè baà kú?"

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún ò dénú. Ó ti rí ọ̀kan tó fẹ́ẹ́ rà, tokunbọ̀, 750cc. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ilé iṣẹ́ wọn ti yá a lówó, ọdún méjì ni yóò fi san án. Ohun tó wá fẹ́ kí n ṣe ni pé kí n bá a lọ wò ó, nítorí ó mọ̀ pé mo gun Suzuki nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọdé oníròyìn, àpá ẹ̀ ṣì wà lórúnkún mi títí dòní. Mo bi í pé kí lòun fúnra ẹ̀ ti gùn rí. Ó ní kẹ̀kẹ́ ológeere, nígbà tóun wà níléèwé girama. Èèmọ̀!

Kò tíì tó wákàtí kan tó lọ tí ìyàwó rẹ̀ náà fi kanlẹ̀kùn. Ìyá Ìbejì ò jókòó. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá mi bá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Owó iléèwé àwọn ọmọ wà nínú owó yẹn o. Tó bá sì lọ fi nǹkan yẹn kán lẹ́sẹ̀, ta ni yóò máa san gbèsè alájẹṣẹ́kù?" Mi ò rí èsì fọ̀. Mo ṣáà ní kó lọ sùn, pé mi ò ní í jẹ́ kó ṣe é báyẹn.

Ẹ má dá Bàbá Ìbejì lẹ́bi jù o. Láti 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ẹni tó bá ń fi mọ́tò ṣe wọlé-wọ̀de n'Ìkòròdú mọ ohun tójú ẹ̀ ń rí nílé epo. Ohun tó bá fi ẹsẹ̀ méjì rìn á máa wọ̀ wọ́n lójú. Ohun kejì ni òfin. Nígbà tí ìjọba Sanwó-Olú fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní 1, oṣù kẹfà, ọdún 2022, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ: Etí-Ọ̀sà, Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Lagos Island, Lagos Mainland àti Àpápá. Nígbà tó di 1, oṣù kẹsàn-án, ọdún kan náà, wọ́n fi Kòsọ́fẹ́, Oṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Mushin kún un. Ìkòròdú ò sí nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yẹn, Ẹ̀pẹ́ náà ò sí níbẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ibi tọ́rọ̀ wà: ẹni tó bá ti Ìkòròdú forí lé Mile 12, inú Kòsọ́fẹ́ ló ń bọ́ sí yẹn. Márosẹ̀ Èkó sí Ìkòròdú àti ti Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ sì wà lára àwọn márosẹ̀ tí wọ́n dárúkọ fún ọ̀kadà nínú òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní 1, oṣù kejì, ọdún 2020. Lóòótọ́, ọ̀kadà akérò lọ̀rọ̀ náà ń bá wí, òfin ìrìnnà ọdún 2012 sì fàyè sílẹ̀ fún alùpùpù àwọn tó ń fẹrù jíṣẹ́, tó bá ti tó 200cc. Àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ máṣíìnì, tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń yíjíà láì wolẹ̀, kò yẹ kó lọ máa kọ́ ọ níbi táá ti máa ṣàlàyé òfin fún ọlọ́pàá. Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún un nìyẹn. Mo ní tó bá máa gun ohunkóhun, apá Ìmọ̀tà, Agbówá àti Ìtóìkín ni kó kọjú sí, kó gbàgbé Kétu.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti máṣíìnì fúnra ẹ̀. Àwọn èèyàn wa níhà Ìlaròó ń pe ọ̀kadà ní ìnàgà nígbà kan, torí pé ẹni tó bá fẹ́ẹ́ gùn ún gbọ́dọ̀ nàgà, pàápàá àwọn ìyá tó ró ìró. (Ọ̀kadà tí gbogbo wa wá ń pè é lónìí, orúkọ ọkọ̀ òfuurufú Olóyè Igbinedion ni, Okada Air, òun náà sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ sọ ọ́.) Cruiser kì í ṣe ìnàgà rárá. Ìjókòó ẹ̀ rẹlẹ̀, ẹni tí kò ga púpọ̀ lè jókòó kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Ìyẹn dáa gan-an fẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, torí ìgbà tí máṣíìnì bá ń rìn díẹ̀díẹ̀ tàbí tó fẹ́ẹ́ dúró ni alákọ̀ọ́kọ́ sábà máa ń ṣubú. Ẹni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ bá kanlẹ̀, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀.

Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà o. Èèyàn á jókòó lé e, á rí i pé ó rẹlẹ̀, á rò pé ó rọrùn. Kò ní í rántí pé ó wúwo. Ẹ jẹ́ ká fi sìmẹ́ǹtì wọ̀n ọ́n, torí gbogbo wa la mọ àpò sìmẹ́ǹtì, kílò 50 ni. Àwọn ọ̀kadà Boxer tẹ́ ẹ ń rí kiri, àpò méjì àti díẹ̀ ni. Honda Rebel 250, àpò mẹ́ta. Rebel 500 tó jáde lọ́dún 2017, ó kù díẹ̀ kó tó mẹ́rin. Àwọn 750 bíi Honda Shadow, nǹkan bí àpò márùn-ún. Harley-Davidson tí wọ́n ń pè ní Fat Boy, ó lé ní mẹ́fà, ẹ sì tíì gbé ìyàwó sẹ́yìn. Ta ló lè gbé àpò sìmẹ́ǹtì márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà nínú yín? Nígbà tí máṣíìnì bá dúró gangan, kò ní ìwúwo kankan. Ọmọdé lè dì í mú. Àmọ́ tó bá ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kọjá ibì kan báyìí, kò sí baba ńlá ẹni tó máa dì í mú mọ́.

Èyí tó tún kù ni pé ó gùn. Ohun tó bá gùn kì í yára yí, ẹ wò ó láàárín àwọn ọ̀nà tóóró wa n'Ìgbógbó, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń bọ̀ níwájú, ewúrẹ́ ń kọjá, omi àgbàrá ti gbẹ́ ilẹ̀ sápá ọ̀tún. Abẹ́ ẹ̀ sì súnmọ́lẹ̀. Òkìtì tí wọ́n mọ sójú ọ̀nà kí ọkọ̀ má baà sáré, tí ọ̀kadà ń fò kọjá bí eéṣú, ṣe ni cruiser máa ń ha abẹ́ mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì ńlá tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, tẹ́ ẹ bá wá há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, á máa yan itan yín bí ẹni ń yan bọ̀ọ̀lì.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún Bàbá Ìbejì. Ó ń mi orí. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà jẹ́ ká lọ wò ó."

A lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Sátidé. Mi ò ní í dárúkọ ibẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ la débẹ̀, ọmọkùnrin tó ń tà á ti nù ún títí ó ń dán bíi dígí. Kí n tó kí i tán ni mo ti na ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ jẹ́ fi èyí sọ́kàn: ẹni tó bá ń ta máṣíìnì tí kò tètè ń jí láàárọ̀, á ti jí i kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ sọ fún un ṣáájú pé tútù lẹ fẹ́ẹ́ bá a, tẹ́ ẹ bá dé tó bá gbóná, ẹ bi í pé kí ló ń sáré sí. Mo wá bẹ̀rẹ̀, mo wo ẹ̀gbẹ́ táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin kan máa ń wà níbẹ̀ nínú àmì roboto gbọọrọ kan, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Ti ẹ̀yìn kà pé 0811. Ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ kẹjọ ọdún 2011 ni wọ́n ti ṣe rọ́bà ọ̀hún. Ojú ẹ̀ ṣì dúdú, ihò ara ẹ̀ ṣì jìn, ẹni tí kò bá mọ̀ á ní tuntun ni. Rọ́bà tó ti gbó bẹ́ẹ̀ ti le gbagidi, kì í di ojú ọ̀nà mú bó bá tutù. Mo sọ fọ́mọkùnrin náà, ó ní, "Bàbá, tokunbọ̀ ni o, bí wọ́n ṣe ń gbé e wá nìyẹn." Ó ní ẹlòmíì ń bọ̀ wá mú un ní aago mẹ́wàá. Wọ́n máa ń ní ẹlòmíì nígbà gbogbo.

Bàbá Ìbejì ò tiẹ̀ gbọ́ wa mọ́. Ó ti gorí ẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀, ó di ọwọ́ mú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó. Mo ní kó má jí i. Mo ní kó gbé irin tó fi dúró sókè, kó dì í mú gangan, kó fi ẹsẹ̀ tì í padà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ márùn-ún péré. Ilẹ̀ ibẹ̀, yanrìn ni. Ó ti ẹ̀ẹ̀kan, ó ti ẹ̀ẹ̀kejì, ló bá yí ọwọ́ díẹ̀. Táyà iwájú wọnú yanrìn. Máṣíìnì fì sósì. Mo rí ojú ẹ̀ bó ṣe yí padà, ó dì í mú, ó dì í mú, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, ló bá fò kúrò. Gbì!

Ọlọ́run ṣe é, kò bọ́ lé e lẹ́sẹ̀. Dígí ẹ̀gbẹ́ kan fọ́. Mo ní, "Ó dáa, gbé e dìde." Ó bẹ̀rẹ̀, ó fà á. Kò mì. Iṣan ọrùn ẹ̀ yọ bí okùn. Mo wá sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún un: kí wọ́n kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì tó bá ń ṣiṣẹ́, kéèyàn kẹ̀yìn sí i, kó fi ìdí ti ìjókòó ẹ̀, kó fọwọ́ kan di ọwọ́ máṣíìnì mú, kó fi èkejì di irin abẹ́ ìjókòó, kó wá máa fi ẹsẹ̀ rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, torí itan lágbára ju ẹ̀yìn lọ. Ó gbé e dé àárín, ó tún sọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì ló wá ràn án lọ́wọ́. Ọmọkùnrin náà gba owó dígí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sì fi kọ́bọ̀ sílẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tá a wọ̀ padà, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó di Ògòlóńtò, ó ní, "Ká ní òpópónà Ìtóìkín ló ti ṣubú lé mi lórí ńkọ́, tí tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn?" Mo ní èmi náà ń rò ó ni.

Ohun tí mo fi sílẹ̀ fún un ni pé máṣíìnì àkọ́kọ́, ẹ̀kọ́ lèèyàn fi ń kọ́, kì í ṣe ìyàwó tá a máa bá sùn títí ayé. Èyí tó o bá lè dá gbé dìde, òun ni kó o rà. Wọ́n ṣe Honda Rebel 250 láti ọdún 1985 títí di 2016, ojú ẹ̀ jọ ti ńlá, ìjókòó ẹ̀ rẹlẹ̀, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ jẹ́ 234cc, kò sí ọgbọ́n àrékérekè kankan nínú ẹ̀ tí mẹkáníìkì wa ò ní í lè tú. Yamaha Virago 250 náà ń bẹ. Nígbà tó bá gun ìyẹn fún ọdún kan tàbí méjì láìsí ẹ̀jẹ̀, tó bá ṣì ń wá 750, kó ta èyí, kó fowó kún un. Shadow ò ní í tán láyé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn la rí Rebel kan. Tútù la bá ẹ́ńjìnnì ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ló jí. A wo abẹ́ ẹ̀ bóyá wẹ́dà ti jó irin rẹ̀ rí. Kò sí àpá iná. A fi nọ́ńbà ara ṣáṣíìsì wé ti ìwé ẹ̀, lẹ́tà kan sí lẹ́tà kan, a tún wo ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Táyà ẹ̀ náà ti gbó, ìyẹn la fi já owó ẹ̀ wálẹ̀, tuntun la sì fi sí i kó tó gbé e kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí wọ́n dà á délẹ̀ jẹ́jẹ́ sórí páálí. Bàbá Ìbejì kẹ̀yìn sí i, ó mí kanlẹ̀, ó dá gbé e dìde. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i kó rẹ́rìn-ín tó dénú nìyẹn. Owó tó ṣẹ́ kù, ó dá a padà fún alájẹṣẹ́kù, ìyàwó ẹ̀ sì rí ìwé ẹ̀.

Ìyá Ìbejì ní àdéhùn kan ṣoṣo lòun fẹ́: kò gbọdọ̀ gùn ún láìsí hẹ́mẹ́ẹ̀tì gidi, èyí tó bo àgbọ̀n. Mo fara mọ́ ọn. Ẹ rántí ọdún 2009, nígbà táwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tí kò bá dé hẹ́mẹ́ẹ̀tì láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún. Ṣe bí ìròyìn gbalẹ̀ láti Kano pé àwọn kan fi igbá borí, tí wọ́n so ó mọ́ àgbọ̀n. Àwọn èrò sì ń sá fún hẹ́mẹ́ẹ̀tì ọlọ́kadà, wọ́n ní wọ́n lè fi ṣoògùn sí i. A rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Àmọ́ títí dòní, ẹ wo ohun tí wọ́n ń dé kiri, orí ló wà fún ọlọ́pàá, kò wà fún ìjàǹbá. Ẹni tó bá fojú ara ẹ̀ dé wọ́ọ̀dù àwọn tó fi ọ̀kadà ṣèṣe n'Ìgbóbì, kò ní í fi hẹ́mẹ́ẹ̀tì ṣeré mọ́.

Ní ti kíkọ́ ẹ̀, ó gba ìwé ìwakọ̀ tiẹ̀, ipele A, torí B tá a fi ń wa mọ́tò kò ká alùpùpù. Pápá kan la lọ fún ọjọ́ ìsinmi mẹ́fà gbáko. Mo to àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sílẹ̀, ó ń rìn yí wọn ká díẹ̀díẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kan, bíréèkì ẹ̀yìn lẹ́sẹ̀. Bíréèkì iwájú ló pẹ́ jù fún un. Àwọn ọlọ́kadà wa ti kọ́ gbogbo ayé pé tó o bá fọwọ́ kàn án, wàá fò gba orí ẹ̀. Irọ́ ni. Bí máṣíìnì bá ń dúró, gbogbo ìwúwo ẹ̀ ló ń sáré wá síwájú, táyà iwájú ló ń dilẹ̀ mú nígbà yẹn, ti ẹ̀yìn á sì fúyẹ́. Ẹni tó bá ń lo ti ẹ̀yìn nìkan, á jìnnà kó tó dúró. Ohun tó ń gbé èèyàn ṣubú ni kó gbá a mú lójijì, tàbí kó tẹ̀ ẹ́ lórí yanrìn, tàbí nígbà tó bá ń yà lọ́wọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fún un, bí ẹni ń fún ọsàn.

Èkejì ni ojú. Ibi tójú ẹ bá ń wò ni máṣíìnì ń lọ. Tó o bá tẹjú mọ́ kòtò, inú kòtò ni wàá bá ara ẹ. Ọ̀nà tó o fẹ́ẹ́ gbà ni kó o máa wò. Èkẹta sì ya Bàbá Ìbejì lẹ́nu: tó bá ti ń sáré díẹ̀, tó bá fẹ́ẹ́ yà sósì, ọwọ́ òsì ni kó tì síwájú díẹ̀, máṣíìnì fúnra ẹ̀ á dẹ̀gbẹ́ sósì. Ó ní irọ́ ni mò ń pa. Mo ní kó dán an wò. Ó dán an wò, ó padà wá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, oògùn ni?"

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, tí òjò ò bá rọ̀, ó máa gùn ún dé Ìtóìkín fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò ní í dé Ẹ̀pẹ́. Ó ti bẹ̀ mí, ó ní ṣebí ọjà Olúwo ò jìnnà sí Ìtóìkín mọ́, pé òun lè ra ẹja bọ̀. Mo ní rárá. Aago méje àárọ̀ ló máa kúrò nílé, kí àwọn tírélà tó pọ̀ lójú ọ̀nà Odógunyàn, èmi á máa tẹ̀lé e lẹ́yìn nínú mọ́tò. Ìyá Ìbejì ní òun á máa pè é lórí fóònù. Mo ní kó má pè é o, ọkọ ẹ̀ ló máa dúró n'Ìmọ̀tà, táá bọ́ sílẹ̀, táá pè é.